Jákẹ́ẹ̀tì awọ àgùntàn bíi ti awakọ̀ òfuurufú ayé àtijọ́: ṣé 42 yìí á gbà mí, àbí mo ti fowó ṣòfò?

Ọmọ_Òjé
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́jọ́ Sátidé, mo yà sí Aléṣinlọ́yẹ́ lọ́dọ̀ ìyá kan tí mo máa ń ra òkìríkà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já béèlì ni. Níbi tí mo ti ń tú u ni ọwọ́ mi ti ba jákẹ́ẹ̀tì kan tó wúwo bí ọmọ ìkókó. Awọ ló wà níta, àwọ̀ rẹ̀ dà bí obì tó ti gbẹ. Irun àgùntàn ló kún inú rẹ̀, ó yọ síta ní kọ́là, ó yọ síta ní ọrùn ọwọ́. Kò gùn, ìbàdí ló mọ. Ó ní bẹ́líìtì nísàlẹ̀, síìpù ńlá kan níwájú, síìpù tún wà lára apá rẹ̀ méjèèjì láti ọrùn ọwọ́ lọ sókè. Irú èyí tí à ń rí nínú fọ́tò àwọn awakọ̀ òfuurufú Ogun Àgbáyé Kejì gan-an ni. ₦40,000 ni wọ́n pè é, a nájà á títí tó fi dé ₦28,000.

Sheffield ni mò ń lọ ní oṣù Kìíní, ìwé ni mo fẹ́ lọ kà. 42 ló wà lára lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀. 42 náà ni télọ̀ kọ fún àyà mi nígbà tó rán aṣọ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo wọ̀ ọ́ nílé lórí síńgílẹ́ẹ̀tì, síìpù pa dé. Àmọ́ kí n tó dé iwájú dígí, òógùn ti bò mí, mi ò lè dúró mọ bóyá ó bá mi mu. Ìyá náà fún mi di Sátidé tó ń bọ̀ pé kí n dá a padà bí kò bá wọ̀ mí. Kí ni kí n ṣe?

Pẹ̀lẹ́_Mọ́kọ́lá
Jákẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn, n'Ìbàdàn? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí o jinná kí oṣù Kìíní tó pé o.

Tèmi ni pé kó o wá èyí tó tóbi jù ú lọ. Aṣọ òtútù, ó sàn kó tóbi.

Télọ̀_ÒkèÀdó
Ẹ má tíì dá a lóhùn o, Ọmọ_Òjé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ nǹkan tó wà lọ́wọ́ yín.

Nínú ọ̀pọ̀ ayédèrú aṣọ yìí, irun inú rẹ̀ kì í ṣe ti àgùntàn, rọ́bà ni. Ẹ fi ìka ya irun náà sọ́tọ̀ títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá rí aṣọ tí wọ́n hun, òwú àtọwọ́dá nìyẹn. Tí irun bá hù jáde tààrà láti inú awọ, ojúlówó ni. Tí ojú yín kò bá dá a mọ̀, ẹ fa fọ́nrán méjì péré yọ lábẹ́ kọ́là, ẹ ṣáná sí i níta gbangba. Ti rọ́bà á yọ́, á di kóró líle. Ti àgùntàn á rùn bí ẹran tí wọ́n ń wi n'Iléyá, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́.

Ìkejì, ẹ wọn ara yín padà. 42 tí télọ̀ kọ yẹn, ṣé àyà yín ni àbí àyà yín pẹ̀lú àlékún? Èmi gẹ́gẹ́ bí télọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Tí mo bá wọn ènìyàn fún bùbá, mo máa ń dá tépù sílẹ̀ díẹ̀ kí aṣọ lè ní ìmí. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan, ẹ ní kí ẹlòmíràn fi tépù yí yín ká lábẹ́ abíyá, níbi tí àyà ti pọ̀ jù, ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ pa síìpù jákẹ́ẹ̀tì náà, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí tábìlì, ẹ wọ̀n ọ́n láti abẹ́ abíyá kan dé ìkejì. Ẹ má fà á, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ iye tí ẹ bá rí di ìlọ́po méjì. Ẹ mú nọ́ńbà méjèèjì wá.

Ọmọ_Òjé
Ẹ ṣé, bọ̀dá. Mo ti ṣáná sí i. Lóòótọ́, òórùn Iléyá ni, màmá mi ti yàrá jáde pé ta ló ń wi ẹran lóru.

Àyà mi: 41. Jákẹ́ẹ̀tì: 24 àti ààbọ̀, ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 49. Ó ju àyà mi lọ ní ínǹṣì 8! Ṣé kò tó bẹ́ẹ̀?

Télọ̀_ÒkèÀdó
Ẹ fà á. Mo fura sí 49 yẹn. Ẹ tún un wọ̀n.

Ohun tó ń da ènìyàn láàmú nípa awọ àgùntàn nìyí. Ẹ wo odó. Ẹ fi tépù yí ìta odó ká, iye tí ẹ bá rí kò lè sọ bí iṣu tó máa wọ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, nítorí igi odó fúnra rẹ̀ nípọn. Bẹ́ẹ̀ ni jákẹ́ẹ̀tì yìí rí. Tí irun inú rẹ̀ bá ga ní ìlàjì ínǹṣì, ó ń jẹ nǹkan bí ínǹṣì 3 kúrò nínú àyíká rẹ̀. Tó bá ga tó ínǹṣì 1, ó ju 6 lọ. Ìṣirò róbótó tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe awo. Irun máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ara bá wọnú rẹ̀, nítorí náà kò ní jẹ tó bẹ́ẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹ yọ 3 sí 4 sílẹ̀ fún un.

Jákẹ́ẹ̀tì aláwọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó bá fi ínǹṣì 4 tàbí 5 ju àyà lọ, ó ti tó. Ti àgùntàn, 8 sí 10 ni mo máa ń wá. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti irun, ìyókù jẹ́ ti ẹ̀yin àti súwẹ́tà yín.

Àǹtí_Yorkshire
Ọmọ_Òjé, ẹ kú oríire ìrìnàjò. Bódìjà ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní agbègbè yẹn. Ẹ máa gbádùn Sheffield, wọ́n ní orí òkè méje ni wọ́n kọ́ ọ lé, bíi tiwa. Ẹsẹ̀ yín á ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa òtútù ibẹ̀. Ní oṣù Kìíní, ó sábà máa ń wà láàárín 2°C sí 7°C. Kì í ṣe òtútù tó ń pa ènìyàn. Òjò winniwinni ló ń pa ènìyàn níbẹ̀, èyí tí kì í pariwo, tí kì í dá. Awọ àgùntàn kò sì fẹ́ òjò rárá. Ìrì díẹ̀ kò burú, ẹ gbọ̀n ọ́n nù. Tó bá rin gbingbin, á le, á sì wúwo bí àpò ìrẹsì. Ẹ má sì wọ̀ ọ́ wọ bọ́ọ̀sì o. Wọ́n ti tan ẹ̀rọ amóoru níbẹ̀, òógùn tó bò yín n'Ìbàdàn á tún bò yín lókè òkun.

Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì òjò tí wọ́n ń tà láwọn ilé ìtajà ibẹ̀, kí ẹ fi ti àgùntàn ṣe ti ọjọ́ tí oòrùn bá yọ tí ilẹ̀ gbẹ. Ọjọ́ yẹn, ẹ ó dà bí ọba.

Bàbá_Agodi
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ti dé ibi tí mo fẹ́ràn. Jákẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yìí júwe, èyí tó ní bẹ́líìtì àti síìpù lápá, Irvin ni wọ́n ń pè é. Leslie Irvin, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló bẹ́ láti inú bàálù lọ́dún 1919 tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí páráṣúùtì lófuurufú. Lẹ́yìn náà ló dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Letchworth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 ni jákẹ́ẹ̀tì náà jáde, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní RAF sì wọ̀ ọ́ jagun. Ti àwọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1934, B-3 ló ń jẹ́. Òun kò ní bẹ́líìtì yíká, okùn awọ ló wà lọ́rùn rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí.

Ìdí tó fi nípọn bẹ́ẹ̀ ni pé bàálù ogun ìgbà náà kò rí bí èyí tí ọmọ yìí máa wọ̀ lọ. Tó bá gòkè tó 20,000 ẹsẹ̀ bàtà, òtútù òde ti wọ −25°C, òmíràn sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ, àgùntàn tí wọ́n yí inú rẹ̀ síta ló nílò.

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Peter Thomas, ọmọ Èkó, ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí RAF sọ di ọ́físà, lọ́dún 1942. Ó kú nínú ìjàǹbá bàálù lọ́dún 1945. Akin Shenbanjo náà wà níbẹ̀, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gun bàálù Halifax kan náà. Torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ Black Prince sára bàálù wọn.

Pẹ̀lẹ́_Mọ́kọ́lá
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Mi ò mọ ti Peter Thomas yẹn rí.

Ìbéèrè mi rèé o: àgbò tó kún Akínyẹlé báyìí, ṣé a ò lè fi awọ wọn rán tiwa ni?

Bàbá_Agodi
Àgbò wo? Yankasa àti Balami yẹn? Irun wọn kúrú, bíi ti ewúrẹ́ ló rí. Àgùntàn ilẹ̀ olótútù ló ń hu irun tó nípọn. Awọ àgbò tiwa, orí rẹ̀ là ń kírun.

Ọlọ́kadà_Sángo
Èmi ni mo mọ̀ nípa jákẹ́ẹ̀tì jù nínú gbogbo yín, torí ojoojúmọ́ ni mò ń wọ̀ ọ́. Èyí tí mo ní, béèlì ló ti wá, a máa ń yí i sódì ni, a ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú kí atẹ́gùn má bàa gba ojú síìpù wọlé. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ẹ ó gun ọ̀kadà láago márùn-ún ìdájí nínú ọyẹ́ kí ẹ tó gbà.

Pẹ̀lẹ́_Mọ́kọ́lá, kì í ṣe òótọ́ pé ó sàn kó tóbi. Mo ti wọ èyí tó tóbi rí. Bí mo bá ti mira báyìí, ooru á gba ọrùn jáde, òtútù á gba ìdí wọlé. Bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ló ń ṣe. Ó gbọ́dọ̀ gbá mi mọ́ra ní ìbàdí.

Télọ̀_ÒkèÀdó
Ọ̀rọ̀ gidi. Iṣẹ́ tí bẹ́líìtì ìdí yẹn wà fún gan-an nìyẹn, ẹ má máa jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ fún oge.

Ọmọ_Òjé
Mo tún un wọ̀n. Mo ní kí àbúrò mi di orí tábìlì mú, mi ò fà á. 23. Ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 46. Irun inú rẹ̀, mo fi rúlà kì í, ó súnmọ́ ínǹṣì kan díẹ̀.

Tí mo bá yọ 4 fún irun, ó ku 42. Àyà mi jẹ́ 41. Ínǹṣì 1 péré ló kù fún súwẹ́tà àti ìmí. Ó ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé awọ máa ń fẹ̀ tó bá yá. Ṣé òótọ́ ni?

Télọ̀_ÒkèÀdó
Ó ní òótọ́ nínú. Irun á tẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bá ń wọ̀ ọ́, pàápàá lábẹ́ abíyá àti lẹ́yìn. Awọ á rọ̀ níbi ìgúnpá. Àmọ́ ojú ìrán kì í fẹ̀. Èjìká tó bá mú ènìyàn lónìí á mú un lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí ẹ tó pinnu, ẹ má dán an wò nínú ooru lórí síńgílẹ́ẹ̀tì mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jí láago márùn-ún ààbọ̀ nígbà tí ọyẹ́ ṣì mú. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti súwẹ́tà tí ẹ máa wọ̀ ní Sheffield, kí ẹ wá gbé e wọ̀, kí ẹ sì pa síìpù dé ọrùn. Ẹ jókòó. Ẹ na ọwọ́ síwájú bí ẹni ń wakọ̀. Ẹ na ọwọ́ sókè bí ẹni ń dá takisí Micra dúró ní Ìwó Road. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbá èjìká òsì mú. Níbi tó bá ti kọ̀, ibẹ̀ ni àléébù wà.

Ẹ wo apá rẹ̀ náà. Tí ọwọ́ bá wà nísàlẹ̀, etí apá rẹ̀ yẹ kó bo egungun ọrùn ọwọ́. Ẹ má wọn apá rẹ̀ láti ojú ìrán èjìká, torí lára irú aṣọ yìí ojú ìrán máa ń sọ̀ kalẹ̀. Egungun ọrùn lẹ́yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí tépù gba orí èjìká lọ.

Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ tẹ̀ ba. Wọ́n gé e kúrú nítorí ẹni tó jókòó sínú bàálù. Tí ẹ bá wọ irú ṣòkòtò tí àwọn ọmọ òde òní ń wọ̀, tó ń rọ̀ sísàlẹ̀, ìbàdí yín á wà níta.

Ìṣọ̀lá_Winnipeg
Mo fọwọ́ sí ti ìbàdí yẹn. Níbí ní Kánádà, ó lè wọ −30°C, ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lọ́nà ibí ẹ má fi owó yín ra jákẹ́ẹ̀tì ìbàdí. Àyà mi gbóná bí ààrò, ìdí mi di yìnyín. Ẹ̀wù gígùn dé orúnkún ló dára. Tèmi, ó wà ní wọ́dirọ́ọ̀bù, mo máa ń wọ̀ ọ́ láti inú mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà òde àríyá. Fọ́tò rẹ̀ dára.

Ìyá_Wúrà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí ẹlòmíràn má ṣe kó sí i. Ọkọ mi mú tirẹ̀ bọ̀ láti òkè òkun lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà òjò, ó gbé e kọ́ sínú wọ́dirọ́ọ̀bù, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Nígbà tí a mú un jáde, ó ti bu. Funfun fulẹ́fulẹ́ lórí gbogbo èjìká, òórùn rẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bàjẹ́. Èmi ni mo ní kó gbé e fún alágbàfọ̀ kan ládùúgbò wa, kó fọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ yẹn rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ, ó sá a sóòrùn. Ohun tó gbé padà fún wa gan bí pọ̀nmọ́ tí wọn ò tíì sè. Ó sún kì mọ́ra, ọmọ wa ọdún mẹ́wàá ni ì bá wọ̀ ọ́, bó bá lè tẹ apá rẹ̀.

Mo ti kọ́gbọ́n. Omi ò gbọdọ̀ rẹ ẹ́, oòrùn ò gbọdọ̀ pa á, áyọ́ọ̀nù ò gbọdọ̀ kàn án. Aṣọ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀ ni kí ẹ fi nu ìta rẹ̀. Kóòmù eléyín gbàgede ni kí ẹ fi ya irun. Háńgà tó fẹ̀ léjìká ni kí ẹ fi kọ́ ọ, torí ó wúwo, wáyà á yọ èjìká rẹ̀. Aṣọ òwú ni kí ẹ fi bò ó, kì í ṣe ọ̀rá, kí ẹ sì máa mú un síta sábẹ́ ìbòòji lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà òjò. Káńfọ̀ díẹ̀ nínú wọ́dirọ́ọ̀bù, torí kòkòrò fẹ́ràn irun àgùntàn.

Pẹ̀lẹ́_Mọ́kọ́lá
Pọ̀nmọ́ ₦28,000. Mo ti kú.

Ọmọ_Òjé
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Mo ti dán an wò.

Mo jí láago márùn-ún ààbọ̀, ọyẹ́ mú dáadáa, ètè mi ti là. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo wọ súwẹ́tà, mo gbé jákẹ́ẹ̀tì lé e. Síìpù pa dé, ṣùgbọ́n mo ní láti fa ikùn wọlé. Mo dúró, mo rẹwà, kí n má purọ́. Mo na ọwọ́ síwájú, ẹ̀yìn mú mi bí ìgbà tí ènìyàn há sínú ihò. Mo na ọwọ́ sókè láti dá Micra dúró, gbogbo aṣọ náà bá ọwọ́ mi gòkè, bẹ́líìtì dé ibi ìdodo, apá rẹ̀ sún dé ìdajì ọwọ́. Micra kan dúró ní ti gidi. Mo ní kó máa lọ. Awakọ̀ náà bi mí pé ṣé mo wà dáadáa.

Mo rò pé télọ̀ lè ya abẹ́ abíyá rẹ̀ kó fi awọ kún un. Bọ̀dá Télọ̀, ṣé ó ṣeé ṣe?

Télọ̀_ÒkèÀdó
Ẹ̀rọ ìránṣọ mi kò lè gun awọ àti irun pọ̀, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́ ni. Ti àwọn tó ń rán bàtà àti báàgì lè gbà á. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti máa rí awọ tó ní irun tó bá a mu? Ẹ ti gbọ́ ohun tí Bàbá_Agodi sọ nípa àgbò wa. Tí ẹ bá fi awọ lásán kún un, abíyá ni òtútù á máa gbà wọlé. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé èjìká náà mú yín lẹ́yìn, àfikún abíyá kò ní yanjú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tó bá máa gbà yín, ẹ wá 24 àti ààbọ̀ sí 25 lórí tábìlì, ohun yòówù tí lébẹ́ẹ̀lì bá ń kà.

Ọmọ_Òjé
Mo gbà, pẹ̀lú ẹkún. Àmọ́ mi ò dá a padà fún ìyá náà. Ọmọ bàbá mi kan wà ní Poly, àyà rẹ̀ jẹ́ 37, èjìká rẹ̀ sì kéré sí tèmi. Mo fi súwẹ́tà wọ̀ ọ́ fún un lálẹ́ àná, ó na ọwọ́ sókè, aṣọ kò kúrò lójú kan. 46, yọ 4, ó ku 42, ínǹṣì 5 ṣì wà fún un. Ó ti san ₦28,000 mi, ó ní ọyẹ́ ọdún yìí lòun fi máa ṣe fáàrí kiri Sángo.

Ọlọ́kadà_Sángo
Sọ fún un pé kó má yí i sódì, tiwa nìyẹn.

Àǹtí_Yorkshire
Ọmọ_Òjé, tí ẹ bá dé ibí, àwọn ilé ìtajà tí wọ́n ń ta ẹrù àlòkù fún àánú wà káàkiri. Mo ti rí irú rẹ̀ níbẹ̀ rí, ẹ̀ẹ̀kan. Tó bá jẹ́ ojúlówó ti ìgbà ogun, ẹ má rà á láti wọ̀. Awọ rẹ̀ ti gbó, tí ẹ bá na ọwọ́ báyìí, ó máa ya lábíyá. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ní àwòrán ti àtijọ́ ni kí ẹ wá.

Pẹ̀lẹ́_Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ wo ni ìyá Aléṣinlọ́yẹ́ yẹn tún ń já béèlì?

Ọmọ_Òjé
Sátidé, láago méje. Mú tépù dání.